Awò Ìbọn Ayé Àtijọ́: Ohun Tí Bàbá Ọdẹ Ní Kí N Bá Àwọn Wá l'Ékòó

Èmi náà ni, olóòtú ètò yín, láti inú yàrá kékeré wa ní Ìkòtún níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ forí jì wá fún ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Wọn ò mú iná wá lọ́jọ́ tí a gbà á sílẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ rèé. Díẹ̀ ni mo tún ṣe níbẹ̀ kó lè ṣe é kà.

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ mọ́ ìbọn, ṣùgbọ́n ẹ má sá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ jàgídíjàgan. Ọ̀rọ̀ ìbọn ọdẹ ni, àti ti awò tí wọ́n máa ń gbé lé ìbọn lórí kí ẹni tó ń yìn ín lè rí ọ̀nà jíjìn. Ní pàtàkì, irú awò bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti ayé àtijọ́, tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tuntun títí di òní.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò bàbá tó bí ìyá mi ń gbé ní oko kan lẹ́yìn Ìgbóọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, ọdẹ sì ni wọ́n láti kékeré. Ìbọn ṣakabùlà kan wà lọ́wọ́ wọn tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, igi ìdí rẹ̀ sì ti dán nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, a jọ wo fíìmù ogun kan lórí fóònù mi. Bàbá ní kí n dá a dúró ná. Wọ́n nàka sí ojú fóònù.

"Ìyá mi, ṣé o rí gíláàsì tí ọmọkùnrin yẹn gbé lé ìbọn rẹ̀ lórí?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Bá mi wá irú rẹ̀ kan l'Ékòó. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ti ìgbàlódé o. Ti àtijọ́ ni kó jẹ́, kó bá ìbọn mi mu. Ìbọn bàbá mi ni, mi ò fẹ́ kó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ní mo ti gbọ́. Ṣebí wíwá nǹkan kiri ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó ń bá yín wá àlejò, tó ń bá yín wá ìwé àti fọ́nrán àtijọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló dé tí kò fi ní rí gíláàsì kan?

Bí mo ṣe wá a kiri

Mo kọ́kọ́ yí ọjà Ìkòtún po. Ẹni tó ń ta awò ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni òun ní, pé kí n fi okùn dè é mọ́ ìbọn náà. Mo lọ sí Alábà. Ọmọkùnrin kan gbé ohun oníke kan fún mi tí iná pupa ń tàn lára rẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà gbé e sí i. Ó máa rẹwà."

Ìkẹjà ni mo ti bá ẹni tó mọ nǹkan pàdé. Bàbá kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe, tí tábìlì wọn kún fún gíláàsì kámẹ́rà tí wọ́n ti tú palẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì wò mí dáadáa.

Wọ́n ní, "Lákọ̀ọ́kọ́, ṣọ́ bí o ṣe ń béèrè ohun ìbọn kiri Èkó. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló máa rò pé ọ̀rọ̀ ọdẹ lò ń sọ. Ìkejì, o ò tíì mọ ohun tí ò ń wá. Jókòó."

Mo jókòó. Ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ohun tí èmi náà lọ kà nígbà tí mo délé, ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ohun tó wà nínú awò ìbọn

Awò ìbọn kò ju páìpù lọ, tí wọ́n to gíláàsì sínú rẹ̀. Gíláàsì iwájú ló ń kó ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ara ohun tí a ń wò. Bó ṣe ń kó o wọlé, ó ń dorí àwòrán náà kodò. Gíláàsì àárín á wá yí i padà kó lè dúró bó ṣe yẹ. Gíláàsì ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí ojú wa, ló ń sọ ọ́ di ńlá. Nínú páìpù yìí kan náà ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ti dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ọta yẹ kó lọ, bí wọ́n bá ti to awò náà mọ́ ìbọn dáadáa. Láyé àtijọ́, òwú aláǹtakùn gan-an ni àwọn kan ń lò, nítorí pé ó tín-ín-rín, ó sì yi.

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ní agbára awò kan jẹ́ 6, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹranko tó wà ní 600 ẹsẹ̀ bàtà yóò hàn bí ẹni pé 100 ẹsẹ̀ bàtà ló wà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń mú nǹkan súnmọ́ ni ó ń dín ibi tí a lè rí kù. Ẹ ká ìwé bí fèrè, kí ẹ sì fi wo ìta láti ojú fèrèsé. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ ó rí, ẹ ò ní rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ kí n gbà pé ohun tí Bàbá Ọdẹ béèrè kì í ṣe ìranù. Ìbọn ráífù tí kò ní awò, ohun mẹ́ta ni ojú gbọ́dọ̀ bá to sórí ìlà kan: àmì tó wà lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn, àmì tó wà lẹ́nu rẹ̀, àti ẹranko tó wà lọ́hùn-ún. Ojú ọ̀dọ́ máa ń yára fò láti ọ̀kan sí èkejì. Ojú àgbàlagbà kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó wà nítòsí á ṣú bàìbàì, bí ìwé ṣe máa ń ṣú lójú ẹni tó ti lé ní 45. Ṣùgbọ́n nínú awò, okùn àti ẹranko jọ máa ń hàn lójú kan náà ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń yìnbọn lókè òkun fi fẹ́ràn rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ta ló ti wá?

Ní 1608, ẹnì kan tó ń ṣe awò ojú ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Hans Lippershey, béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ lórí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Galileo ti kọ tirẹ̀ sí ojú ọ̀run ní Ítálì. Síbẹ̀, ó lé ní 200 ọdún kí irú awò bẹ́ẹ̀ tó jókòó dáadáa lórí ìbọn. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Àwọn ìbọn ìgbà náà kò gún régé tó bẹ́ẹ̀ tí awò fi lè wúlò fún wọn. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ríran dé ibi tí ọta rẹ̀ kò lè dé?

Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀. Ní 1844, John R. Chapman kọ ìwé nípa ìbọn ráífù, ó sì ṣàlàyé awò gígùn kan tí òun àti Morgan James, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Utica, jọ gbé jáde. Ní 1855, William Malcolm bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní Syracuse, ní Ìpínlẹ̀ New York. Awò Malcolm yìí ni àwọn èèyàn ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ títí dòní. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀.

Wọ́n lo irú rẹ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín 1861 sí 1865. Àwọn ará gúúsù ní ìbọn Whitworth láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí inú ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́fà, wọ́n sì gbé awò sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lára wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, 1864, Ọ̀gágun John Sedgwick ń fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ń sá fún ọta ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní láti ibi tí ọ̀tá wà yẹn, wọn ò lè yìnbọn ba erin. Kò pẹ́ sí i ni ọta bà á lójú, ó sì kú. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìbọn Whitworth ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, awò ti kúrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé èyí tí wọ́n ń pè ní No. 32, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3, lé ìbọn Lee-Enfield tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lo awò Unertl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 8, lórí ìbọn Springfield wọn.

Ti tuntun tó jọ ti àtijọ́

Àwọn ojúlówó awò ìgbà náà ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n, wọ́n sì ti gbó. Inú gíláàsì á ti ṣú, okùn inú rẹ̀ á ti já. Nítorí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe ń ṣe tuntun tó jọ wọ́n. Hi-Lux ní Amẹ́ríkà ń ta èyí tó ń jẹ́ orúkọ Malcolm, pẹ̀lú èyí tó jọ Unertl ti àwọn ọmọ ogun ojú omi. Montana Vintage Arms náà ń ṣe irú ti ayé Malcolm. Àwọn tó ń rà á ni àwọn tó ń fi ìbọn àtijọ́ díje, tí òfin eré wọn kò gba ohun ìgbàlódé, àti àwọn tó ń fi ogun àtijọ́ ṣe eré.

Bí ẹ bá ń ṣe fíìmù, tàbí ẹ ń kó nǹkan ìtàn jọ, tí ẹ sì fẹ́ wá irú rẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò. Èkíní, ọdún. Awò 1855 kò bá ìbọn 1940 mu, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni ẹ pa. Èkejì, bí ó ṣe ń jókòó. Awò gígùn máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá, ìbọn àtijọ́ kò sì sábà ní ihò fún ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ má ṣe lu ihò sára ohun ìtàn, nítorí kò ṣe é dí padà. Ẹ̀kẹta, àlàfo tó wà láàárín ojú àti gíláàsì ẹ̀yìn. Ìbọn máa ń ta padà sẹ́yìn. Bí àlàfo náà bá kéré, ìpéǹpéjú ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ wo inú rẹ̀. Èyí tó dára jù ni èyí tí ìta rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, tí gíláàsì rẹ̀ sì jẹ́ tuntun.

Mo ti rí ohun tí mo ń wá, àbí? Mo ti mọ orúkọ rẹ̀, mo ti mọ àwọn tó ń tà á. Mo pe bàbá tó ń tún kámẹ́rà ṣe, mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti rí i."

Wọ́n ní, "Ìbọn bàbá yín ńkọ́? Ṣé ó kọlà nínú?"

Ìbọn tó kọlà àti ìbọn tí kò kọlà

Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bí ẹ bá wo inú ọ̀pá ìbọn ráífù, ẹ ó rí ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀, tó ń yí lọ láti ìdí dé ẹnu. Bí ọta bá ń kọjá, ìlà yẹn á mú un pòòyì. Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń pòòyì, á dúró ṣánṣán. Tó bá ti dákẹ́, á ṣubú sí ibi tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ọta rí. Èyí tó ń pòòyì á lọ tààrà, á sì jìnnà.

Ṣakabùlà kò kọlà. Inú rẹ̀ dán gbọrọgbọrọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò Denmark tó ní ilé olódi ní etíkun Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, títí wọ́n fi tà wọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Púpọ̀ nínú àwọn ìbọn tó wá lẹ́yìn náà, Birmingham ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà wò ó, wọ́n sì rọ tiwọn. Ẹnu rẹ̀ ni a ń gbà ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ ni ọdẹ sì sábà máa ń kì í, tó máa ń tú ká bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Bí ẹranko bá wà nítòsí, títú ká yẹn ló ń ran ọdẹ lọ́wọ́. Bó bá jìnnà, kò sí ohun tí awò fẹ́ ṣe sí i. Ẹ ó rí ẹranko náà kedere, ọta yín yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì túká pátápátá títí di 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ráífù gbà nípasẹ̀ àwọn èèyàn wọn tó wà ní Èkó. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà ki ọta sí i, ó sì kọlà nínú. Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, jẹ ìyà rẹ̀ nígbà tí ṣakabùlà ṣì pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Kò sí awò kankan lórí àwọn ìbọn ráífù yẹn tó sọ wọ́n di ẹ̀rù. Inú ọ̀pá ni agbára wọn wà.

Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí ẹ fẹ́ gbé awò sí lórí ṣakabùlà, ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń ṣẹ́. Ẹ̀tù á jó, èéfín á bo gíláàsì. Igbó wa náà kò sì rí bíi pápá gbalasa. Ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ewé kan ṣoṣo ti tó láti dí gbogbo ojú awò.

Mo wá rí i pé awò kì í fún ìbọn ní ohun tí kò ní. Ohun tó bá ti wà nílẹ̀ ni ó ń fi kún.

Ohun tí Bàbá kò sọ fún mi

Mo gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìgbóọrà lọ́jọ́ Sátidé kan láti lọ ṣàlàyé. Bàbá ti lọ sóko nígbà tí mo dé. Ìyàwó wọn, Màmá, ni mo bá nílé. Mo sọ fún wọn pé awò náà kò lè ṣiṣẹ́. Màmá mí kanlẹ̀.

"Ṣé ó sọ ti ewúrẹ́ fún ọ?"

Mo ní rárá.

Ìtàn náà nìyí. Ẹ mọ̀ pé lóru, fìtílà orí ni awò ọdẹ. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ba ojú ẹranko, ojú náà á máa tàn padà. Nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹyin ojú ọ̀pọ̀ ẹranko tó dà bíi dígí, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í yìnbọn sí ojú tó ń tàn. Á súnmọ́ ọn, á dúró, títí á fi rí ara ẹranko náà tí á sì mọ ohun tó jẹ́. Ìdí ni pé ojú ìgalà ń tàn, ojú ewúrẹ́ náà ń tàn.

Lóru ọjọ́ kan, Bàbá rí ojú méjì tó ń tàn. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó títí, wọn ò rí ara kankan, òkùnkùn bàìbàì ni wọ́n ń rí. Wọ́n rò pé ìgalà ni. Wọ́n yìn ín. Ewúrẹ́ aládùúgbò tó já okùn ni.

Wọ́n san owó ewúrẹ́. Ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ bínú púpọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ní láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í sùn dáadáa mọ́. Nítorí ẹni tó ni ewúrẹ́ náà ní ọmọkùnrin kan tó ti jáde wá a lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo dákẹ́. Mo ti lo oṣù méjì lórí ọ̀rọ̀ gíláàsì, mi ò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ìdí tí ẹni tó ti ń ṣọdẹ láti kékeré ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá awò.

Nígbà tí Bàbá dé, mo ní kí wọ́n jókòó síta, níbi tí oòrùn wà. Mo wo ojú wọn. Nínú dúdú ojú ọ̀tún, nǹkan funfun kan wà níbẹ̀ bí omi ògì. Ti òsì náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Awò tó wà nínú ojú

Àwọn dókítà ń pè é ní cataract. Nínú ojú kọ̀ọ̀kan wa, Ọlọ́run ti dá awò kan sí i, tó mọ́ gaara bí omi. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, awò yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà fi máa ń gbà pé ọjọ́ ogbó lásán ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ti pé 40 ọdún sókè, ó lé díẹ̀ ní 4 tí ojú wọn ti fọ́. Ohun tó fa èyí tó lé ní 40 nínú gbogbo 100 ìfọ́jú yẹn ni cataract, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ní ìtọ́jú.

Awò ìbọn kò lè ràn án lọ́wọ́. Bí awò inú ojú bá ti ṣú, ohun tí awò òde máa ṣe ni pé á sọ bàìbàì kékeré di bàìbàì ńlá.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà ojú á yọ awò tó ti ṣú, á sì fi tuntun tó mọ́ sí ipò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni náà á padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń rìn kiri, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan funfun náà sẹ́yìn sínú ojú. Èèyàn lè ríran díẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kò sí awò tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ojú lè wú, ó lè kẹ̀, ó sì lè fọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ojú ló ti bá a lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Bàbá kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní ta ló máa fi abẹ kan ojú ọdẹ? Màmá ló dá wọn lóhùn, wọ́n ní, "Ta ló yìnbọn pa ewúrẹ́?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Abẹ́òkúta. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi ra awò ìbọn ni mo mú jáde, àwọn àbúrò ìyá mi sì fi kún un. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tú báńdéèjì, Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyá mi, o ti rù o. Ṣé wọn kì í jẹun n'Íkòtún ni?"

Kí n tó ṣíwọ́

Ọ̀rọ̀ òfin kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 dárúkọ ṣakabùlà lọ́tọ̀, láàárín àwọn ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ó sì ní ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Òfin kan náà ka ẹ̀yà ìbọn mọ́ ìbọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ronú àtibéèrè ohunkóhun tó jẹ mọ́ ìbọn láti òkè òkun, ìbáà jẹ́ fún fíìmù, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ẹ tó sanwó. Ìwé àṣẹ Bàbá ti gbó. A ń tún un ṣe lọ́wọ́.

Ní ti ọdẹ ṣíṣe, Bàbá ti padà sóko. Ìbọn náà wà lára ògiri. Wọ́n ní dókítà ní kí àwọn dúró títí tí ojú òsì náà yóò fi jinná kí àwọn tó gbé ohun tó ń ta padà sẹ́yìn. Wọ́n sì ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ọdẹ wọn pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣe bàìbàì kó má ṣe fi pa mọ́. Wọ́n sọ ti ewúrẹ́ fún wọn fúnra wọn.

Bí àgbàlagbà kan bá wà nílé yín tó ti ń fi ọwọ́ tá ògiri rìn lálẹ́, tàbí tó ń ní gílóòbù ilé kò mọ́lẹ̀ mọ́, ẹ má kàn ra gílóòbù tuntun fún un. Ẹ gbé e jókòó síta nínú oòrùn, kí ẹ sì wo dúdú ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ọdẹ bá wà nínú ẹbí yín tó ní ìtàn láti sọ, ẹ kọ̀wé sí wa. Ó dìgbà kan ná, láti Ìkòtún. Ire o.